Orúkọ Àwọn Tó Wọ Ọkọ̀ Kẹtàdínlógún

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, apínlẹ́tà mú àpò lẹ́tà kan wá fún Akọ̀wé, òǹtẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi wà lára rẹ̀. Akọ̀wé mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun náà ló kúkú kọ̀wé béèrè fún un: orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú Ọkọ̀ Kẹtàdínlógún nígbà tí ọkọ̀ ogun kékeré náà ṣì ń rìn lójú òkun. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fẹ́ fín àwọn orúkọ náà sára idẹ, kí wọ́n kàn án mọ́ ara ọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà dìbò sí i nípàdé, gbogbo ọwọ́ lọ sókè, ọwọ́ Akọ̀wé náà sì lọ sókè. Kí ni ì bá tún ṣe?

"Ṣé kò sí wàhálà o?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Ó ń lọ aṣọ funfun tí Akọ̀wé yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kò sí. Ìwé ẹgbẹ́ ni."

Wàhálà wà. Akọ̀wé kò wọ Ọkọ̀ Kẹtàdínlógún rí nígbà tó wà lójú omi. Omi tó jìn jù tó ti dúró sí láyé rẹ̀ kò kọjá orúnkún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nídìí wáyálẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń ránṣẹ́ sí èbúté, tó ń kọ lẹ́tà sílé lóṣooṣù, tí òtútù àyà sì pa á lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, ìwé ìròyìn gbé e pé wọ́n fẹ́ gé ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́, kí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ wá wò ó kẹ́yìn. Akọ̀wé, tó ń ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà, gba àyè, ó lọ wò ó nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá ọkùnrin mẹ́rin níbẹ̀. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo irin tó ti dípẹtà bí ẹni ń wo òkú. Èyí tó ga jù yíjú sí i.

"Iṣẹ́ wo ni ìwọ ṣe nínú rẹ̀?"

Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹnu rẹ̀ sọ pé, "Wáyálẹ́ẹ̀sì." Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní òun ni atukọ̀. Àwọn yòókù náà wá ń wí tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹnjiníà, oníbọn, kúùkù. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé kiri, wọ́n bẹ̀bẹ̀ kiri, títí ìjọba fi yọ̀ǹda ọkọ̀ náà fún wọn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ha ìpẹtà ara rẹ̀, tí wọ́n fi kùn ún lọ́dà. Òfin ẹgbẹ́ ni pé orúkọ iṣẹ́ tí kálukú ṣe nínú ọkọ̀ ni kí wọ́n máa fi pè é. Wáyálẹ́ẹ̀sì nìkan ló di Akọ̀wé, torí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ bíírò mú.

Òun náà ló kọ ìwé ìtàn ọkọ̀. Ibi tí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé, ó kọ ọ́. Ibi tí lẹ́tà bá tán sí, ó fi irọ́ lẹ̀ ẹ́. Ó fi ìjì ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan sí i láti inú orí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kà á fún wọn, òógùn bò ó. Oníbọn mi orí.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni ìjì yẹn jà."

Akọ̀wé dúpẹ́, ó tún un kọ. Kúùkù bi í pé apá ibo ló kọ ilé ìdáná sí. Ó ní apá òsì. "Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni Kúùkù wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lápò rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá wá wo ọkọ̀, òun ni wọ́n máa ń ní kó mú wọn yí ká. "Ẹnu tìẹ ló dùn jù," ni Atukọ̀ máa ń wí. Ẹnjiníà kì í sọ̀ kalẹ̀ síbi ẹ́ńjìnnì, ó ní orúnkún òun ò gbà. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn wọ ọkọ̀ èrò sọdá sí òdìkejì omi, Atukọ̀ bì títí, ó ní omi kékeré kì í bá ẹni tó ti mọ òkun lára mu. Akọ̀wé gbà á gbọ́. Òun ta ni, tí yóò fi bá atukọ̀ jiyàn òkun?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Ti Akọ̀wé tilẹ̀ ti fi ọdún méjì lé e. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe idẹ. Àwọn mẹ́rin yìí nìkan lọ́rẹ̀ẹ́ tó ní láyé. Bí wọ́n bá lé e, kò mọ ibi tí yóò máa lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Ó ronú àtifi ìwé náà dáná. Ó ronú àtiṣe bí ẹni tára rẹ̀ ò yá. Níkẹyìn ó wọ bàtà, ó mú un lọ sípàdé láìtú u.

Ó gbé e sórí tábìlì níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Ẹnjiníà ní òun gbàgbé awò òun sílé, bẹ́ẹ̀ awò náà wà níwájú orí rẹ̀. Kúùkù ní kí wọ́n mu tíì ná, kó má baà tutù.

"Kí ni bébà fẹ́ sọ fún wa?" ni Oníbọn wí. "Ṣé a ò mọ ara wa ni?"

Atukọ̀ rọra ti àpò náà padà sọ́dọ̀ Akọ̀wé. "Kọ̀wé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pé ìwé àwọn ọmọ ogun ò dé. Kí wọ́n kàn kọ 'Àwọn Òṣìṣẹ́ Rẹ̀' sára idẹ yẹn, ó ti tó."

Ìgbà náà ló yé Akọ̀wé. Wọ́n mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n ń bo àṣírí rẹ̀ ni. Ojú tì í, ìfẹ́ wọn sì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ débi pé kò lè jókòó mọ́.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bò mí mọ́," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ló ṣe wáyálẹ́ẹ̀sì. Èmi ò wọ ọkọ̀ yìí rí lójú omi. Ẹ dárí jì mí. Orúkọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ ni kí wọ́n fín."

Kúùkù sọ ife rẹ̀ kalẹ̀. Ẹnjiníà wo Oníbọn, Oníbọn wolẹ̀. Atukọ̀ ṣí fìlà lórí, ó wo àwọn yòókù lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjú sí Akọ̀wé.

"Akọ̀wé, bí ìwọ náà ò bá wọ̀ ọ́, ta ló wá wọ̀ ọ́ nínú wa?"