Awò Tó Yára fún Ojú Sìmíátù

Lọ́dún 1934, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sìmíátù jókòó níwájú kámẹ́rà Jẹ̀lílì ayàwòrán ní Yábàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú rẹ̀ sì jáde bàìbàì. Ìró mọ́, gèlè mọ́, ọwọ́ tó gbé lé itan mọ́. Ojú nìkan ni kò hàn. Jẹ̀lílì ní awò kámẹ́rà òun ló ti gbó, ó ń lọ́ra, èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó láìmira títí òun á fi ka ení dé ẹ̀fà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bó bá ti ka ẹ̀ta ni Sìmíátù máa ń rọra yí ọrùn díẹ̀, bí ẹni tí kòkòrò ń rìn létí.

Kò fẹ́ lọ sí Kùmásì ni. Bàbá rẹ̀, Àmúsà káfíńtà ní Muṣin, àti Yẹ̀kínnì ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ló jọ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: Tìrìmísíyù, ọmọ Yẹ̀kínnì tó ń ṣòwò ní Kùmásì, ni yóò fẹ́ Sìmíátù. Sìmíátù kò rí ọkùnrin náà rí. Tìrìmísíyù ti fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èéfín. Àmúsà ní oòrùn Kùmásì ló pọ̀ jù. Kí wọ́n tó ṣe ìdána, Tìrìmísíyù ní òun fẹ́ rí ojú ìyàwó kedere. Bí àwòrán bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kọ̀wé padà tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀: kò hàn dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un yà, kò sí ìkánjú.

Ọ̀rọ̀ náà ń dun Sìmíátù wọra. "Ọkùnrin tí kò lójú," ló máa ń sọ fún ìyá rẹ̀, "òun ló ń wá ojú tèmi kiri." Ọdún kan péré ló kù kí Sìmíátù parí iṣẹ́ ìránṣọ tó ń kọ́. Bí kò bá sí àwòrán, kò ní sí ìdána. Ohun tó gbójú lé kò ju ìyẹn lọ.

Ìgbà tó yá ni Àmúsà ní ó tó gẹ́ẹ́, òun àti Jẹ̀lílì yóò jọ ra awò tuntun. Ó mú ọmọ rẹ̀ rìn láti Muṣin, wọ́n gba Ojú Ẹlẹ́gbà dé Yábàá.

Awò méjì ni Jẹ̀lílì gbà wá láti Èkó láti dán wò. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹnu ọ̀kan rí tóóró. Ìkejì, ti Jámánì, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ife.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ló wí fún Àmúsà. "Ẹlẹ́nu kékeré yìí, láti imú dé ẹ̀yìn etí ló máa mọ́, àmọ́ ẹ máa ka ení, èjì. Ẹlẹ́nu ńlá yìí, ìmọ́lẹ̀ ń rọ́ wọ inú ẹ̀ ni. Ẹ ò ní ka nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ló máa mú. Etí á ti ṣe bàìbàì."

Sìmíátù rò ó. Ení, èjì tó fún un láti mirí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó máa gbé etí jáde," ló wí. "Yẹtí wúrà tí Ìyá rà fún mi, ṣé wọn ò ní rí i ni? Wúrà ni wọ́n mọ̀ ní Kùmásì."

Àmúsà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó gbé ẹlẹ́nu kékeré sọ́wọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín," ni Jẹ̀lílì wí. Ó mú àwòrán méjì jáde. Adìẹ rẹ̀ tó ń jẹ àgbàdo ló fi àwọn awò náà yà. Nínú ti ẹlẹ́nu kékeré, adìẹ náà ní orí mẹ́ta. Nínú ti ẹlẹ́nu ńlá, hóró àgbàdo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là kedere.

"Ojú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí," ni Àmúsà wí. "Wọn ò béèrè etí."

Ẹ̀rù ba Sìmíátù. Ó rí i pé kò sí ibi tí òun lè sá gbà mọ́.

Lójú ẹsẹ̀ ni Jẹ̀lílì de awò náà mọ́ kámẹ́rà. Sìmíátù jókòó, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, bàbá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pinnu pé bí òun ò bá lè mirí, òun á fajú ro títí á fi sú wọn. Ó fajú ro lóòótọ́. Jẹ̀lílì wọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó jáde, ó dúró, ó ń wò ó. Kò ka nǹkan kan.

"Àbúrò," ló wí, "adìẹ mi mà rẹwà jù ẹ́ lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sìmíátù kó tó mọ̀. Kámẹ́rà dún kẹ́, ó parí.

Àwòrán náà dára, ká má parọ́. Eyín rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ ń dán, ẹni tó bá rí i á ní inú ọmọ yìí ń dùn dénú. Àmúsà fi í han gbogbo àdúgbò kó tó fi í ránṣẹ́. Sìmíátù sunkún, ó bínú sí eyín ara rẹ̀. Ìrètí kan ló kù fún un: bóyá ẹni tó ń yẹ ojú èèyàn wò bí ẹni ń ra ewúrẹ́ á tún rí àléébù kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́tà dé. Àmúsà kò mọ̀wé, Sìmíátù ló máa ń ka lẹ́tà fún un, ṣùgbọ́n orúkọ Sìmíátù ni wọ́n kọ sára èyí. Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó já a.

"Sìmíátù," ni Tìrìmísíyù kọ, "ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ọkàn mi, torí mo rí i pé ńṣe lo mirí, bí èmi náà ti ṣe nínú tèmi, mo sì gbà pé a jọ ń bá àwọn bàbá wa fa ọjọ́ gùn ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ẹ̀rín rẹ yìí, ojú tì mí láti kọ ẹni tó fẹ́ mi tó báyìí, mo ti kọ̀wé sí bàbá mi pé mo gbà, mo sì ń bọ̀ wá gbé ọ lóṣù tó ń bọ̀."