Ẹṣin Méjì Létí Pátákó

Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tó mú funfun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ọmọ-ogun àárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tì síwájú. Hezekiah mọ ọ̀nà mìíràn: kéèyàn gbé ẹṣin méjèèjì jáde sí etí pátákó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kó tó fọwọ́ kan ọmọ-ogun. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lásìkò ọlidé, láwọn ọdún tí iṣẹ́ ìjọba gbé bàbá lọ sí Minna tí òun àti ìyá rẹ̀ sì wà ní Iléṣà. Bàbá ti kú. Lydia, ìyàwó Hezekiah, ló tọ́jú rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Ní gbogbo Àbújá, Lydia nìkan ni Hezekiah ń fi ẹṣin méjì náà bá ta. Ó ń pa á mọ́ de àṣekágbá ìdíje ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì wọn.

Ọdún 2014 ni Lydia mú Bánjọ wá sí ẹgbẹ́ wọn ní Kado. Tíṣà ni, ní Ushafa, kò sì tó Lydia lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀, bó bá ti wọlé, Lydia á kúnlẹ̀.

“Akọ̀wé mi, ẹ káàbọ̀.”

“Ṣé kò lórúkọ ni?” Hezekiah bi í nílé.

“Ó lórúkọ, Bàbá Shalom. Ẹ̀yin ẹ máa pè é.”

Ní Sátidé kan, Hezekiah rí àwọn méjèèjì létí adágún Jabi, tí wọ́n forí korí lórí fọ́tò àtijọ́ kan. Lálẹ́, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Bàbá Shalom, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́…”

“Ó di ẹ̀yìn àṣekágbá.”

Nígbà tí àṣekágbá dé, òun àti Bánjọ ló kù. Bánjọ mú funfun.

“Kai! Ọ̀gá Hezekiah,” Jàbárù oníṣòwò pariwo láti ẹ̀yìn, “ọmọdé yìí á gba ife lọ́wọ́ yín o!”

Bánjọ gbé ẹṣin ọ̀tún sí etí pátákó. Hezekiah ti ọmọ-ogun kan. Bánjọ gbé ẹṣin òsì sí etí kejì.

Hezekiah wo pátákó náà pẹ́. Ó wo Lydia. Etí gèlè ni Lydia fi ń nu ojú. Hezekiah dá ọba rẹ̀ dùbúlẹ̀, àmì pé ó jọ̀wọ́ eré, ó dìde, ó kọjú sí Lydia.

“Ohun tó wà láàárín èmi àtìẹ lo lọ tú fún un. Lọ kó ẹrù rẹ, kó o máa bá a lọ.”

Bánjọ ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí ìyàwó wa, bàbá wa ló kọ́ èmi náà, ní Minna.”