Fọ́ọ̀mù Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Akọ̀wé fẹ́ wọṣẹ́ ológun, ní ẹ̀ka àwọn amí.

Fọ́ọ̀mù ní kó mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta: kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tá lórí rédíò, kó máa wo àwòrán ibùdó wọn, tàbí kó máa fọ̀rọ̀ wá ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́nu wò.

Ọ̀la ló gbọ́dọ̀ dá a padà, Màmá ò sì gbọdọ̀ gbọ́. Òun nìkan ni Màmá bí. Tó bá gbọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Amí ọ̀la ti fọ́ọ̀mù bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó kọ́kọ́ dán ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wò.

"Màmá, ta ló jẹ búrẹ́dì mi?"

Màmá ò gbójú sókè nídìí máṣíìnì ìránṣọ. "Ìwọ ni, ọkọ mi. Kí ló dé tí o ò rí oorun sùn láti ọjọ́ Ajé?"

"Ehín ló ń dùn mí, mà."

"Pẹ̀lẹ́. Èwo?"

Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló dì mú.

"Pẹ̀lẹ́," ni Màmá tún wí, ó ń ránṣọ lọ.

"Kò fura rárá." Akọ̀wé ń yin ara rẹ̀. Amí gidi!

Ilẹ̀ mọ́, ó fa fọ́ọ̀mù yọ. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ maàkì rédíò, wọ́n sì fi píìnì há ìwé pélébé mọ́ ọn:

"Ọkọ mi, mú ti rédíò. Ìwọ àti irọ́ ò bára yín tan. Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ amí kí n tó bí ẹ. Má sọ fún bàbá rẹ o. Títí di òní, kò mọ̀."