Ẹni Kẹrìnlá Kì Í Gbé Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kà á tán ná.

Èmi ni mo máa ń pe àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, tí wọ́n bá ti lo oṣù mẹ́fà nílé.

Ṣé ẹ ti ń sùn dáadáa? Ṣé ẹ lè dá rìn? Ta ló ń tọ́jú yín?

Ìdáhùn wọn ni mò ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, káwọn dókítà lè mọ ibi tí ìtọ́jú wa kù sí.

Láàárọ̀ yìí, mátíróònù dúró sẹ́yìn mi.

"O ti bá gbogbo àwọn yòókù tó wà lórí àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Ẹni kẹrìnlá ńkọ́?"

"Wọn kì í gbé fóònù, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè wọ́n."

"Fún mi ní nọ́ńbà yẹn."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, àmọ́ wọ́n ti pè é, wọ́n sì fi í sí sípíkà.

Kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí bàbá àgbàlagbà kan fi gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ọsibítù la ti ń pè. A ti ń wá yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Èmi kẹ̀? Fóònù yìí ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó pè."

Mátíróònù wò mí. Mo wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ta ló ń tọ́jú yín nílé?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Aládùúgbò mi ló ń bá mi pọnmi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, òun ló ń ṣiṣẹ́ ìpè yìí lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló ń tọ́jú mi. Mi ò fẹ́ kójú tì í níbi iṣẹ́."