Ìṣáná Orí Tábìlì

"Ta ló máa wá kọ́ mi ní kẹ́mísírì kábọ́ọ̀nù yìí kó tó di ọjọ́ Ajé?"

Ọmọbìnrin kan ló ń béèrè, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Bàbá, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ yìí kan náà, jókòó tì í. Àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé ohùn rẹ̀ lọ, igi ìṣáná nìkan ló kù tó ń tò kiri.

Ọmọbìnrin náà tún pe olùkọ́ mìíràn lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á lé mi."

"Àbúrò, iṣẹ́ ti kún ọwọ́ mi. Ṣebí bàbá ẹ ló kọ́ èmi gan-an? Ní kó kọ́ ẹ."

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Omijé rẹ̀ já bọ́ sórí kábọ́ọ̀nù tó ń yà sínú ìwé.

"Ẹ̀yin náà tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ìyá wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ fẹ́ dáná sun wá ni?" Ó nawọ́ láti palẹ̀ ìṣáná náà mọ́, bó ti ń ṣe láràárọ̀.

"Ẹ má kó o, màmá!"

Bàbá ti mú ẹ̀wà kan, ó ti to ìṣáná mẹ́rin yí i ká bí ọwọ́ mẹ́rin tí kábọ́ọ̀nù ní. Ó wo ìwé ọmọ rẹ̀, níbi tí kábọ́ọ̀nù ti na ọwọ́ márùn-ún. Ó wá mú ìṣáná karùn-ún, ó gbé e sún mọ́ ẹ̀wà náà, ó mi orí, ó sì ṣẹ́ ẹ sí méjì.