Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Onípákó Fi Ya Fọ́tò

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo mọ̀ yín, àwọn kan ti fi ránṣẹ́ ná.

1.
Opó kan wà, iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti di ẹrú oògùn olóró. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tà, ó ta fáànù, ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó tú ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó tà á. Bí ìyá bá ń jáde, abẹ́ apá rẹ̀ ni ìkòkò ìdáná rẹ̀ máa ń wà.

Àwọn ará àdúgbò á bi í pé: "Ìyá, ìkòkò náà ń lọ kí èèyàn ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà á láti dá wà nílé."

2.
Onípákó kan ládùúgbò máa ń ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀làwọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò ṣe oore rí kó má ya fọ́tò ẹ̀. Ojú àwọn tó ti ràn lọ́wọ́ ló kún ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún ìyá. Ìyá dúpẹ́ títí, ó wá rọra sọ pé:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbí. Àárín pákó yín ni n ó ti máa ránṣọ."

"Ta ló ń ya fọ́tò ẹ̀rọ láàrin pákó? Ẹnu ọ̀nà yín ló ti máa dùn ún wò."

"Ọmọ mi á tà á."

"Ìyá, ẹ ní ìgbàgbọ́!"

Ìyá ní ìgbàgbọ́. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni kò ní.

3.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ délé. Onípákó ní kí ọmọ náà gan-an gbá ẹ̀rọ mọ́ra fún fọ́tò, kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ ṣe bí ẹni tínú ẹ̀ dùn!"

4.
Ìkòkò ṣeé gbé sábẹ́ apá, ẹ̀rọ ìránṣọ ò ṣeé gbé. Lọ́jọ́ tí ìyá lọ pọn omi, ìgbà tó máa fi dé, òwú nìkan ló bá nílẹ̀.

Ọmọ náà ò tíì rí irú owó yẹn gbà lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ìwọ̀n oògùn tí kò lò rí ló rà. Ẹ̀yìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ni wọ́n ti rí i. Ó ti tutù.

5.
Onípákó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé pákó pósí wá, kò gba kọ́bọ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá wo pákó, ó wo onípákó.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ ò ní ya fọ́tò eléyìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ran ìdílé tí oògùn olóró ti wọ̀ lọ́wọ́, ẹ má dáwọ́ dúró o. Àmọ́ kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọlé onílé, ẹ bi í bó ṣe fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.