Àwọn Tó Mu Oògùn Ikọ́ Náà

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé kẹta bọ́ sí, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Peckham. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wá. Wọ́n fẹ́ para pọ̀ pe iléeṣẹ́ kan lẹ́jọ́, torí oògùn ikọ́ tí wọ́n rà láìgba ìwé dókítà. Àwọn kan mu ún fúnra wọn, àwọn kan fún ọmọ mu. Kíndìnrín gbogbo àwọn tó mu ún ló bà jẹ́.

Dáúdà ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé Àsúmáù wá láti Nunhead. Ìpàdé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti pàdé. Lọ́jọ́ náà, Dáúdà gba ìgò oògùn ọwọ́ rẹ̀, ó ka nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀, ó sì dá ìgò náà padà fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Camberwell lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Yusrah, lọ́yà wọn, ọmọ tí wọ́n bí sí London, dìde.

"Ẹ má bínú sí Yorùbá mi o. Company yẹn ti fèsì. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé oògùn yẹn lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Tá ò bá rí proof pé wọ́n mọ̀ before Friday, ẹjọ́ yìí ti tán nìyẹn."

Mìsítúrà, tó sin ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, bú sẹ́kún.

"Èmi ni mo fún un mu! Ṣíbí méjì ni wọ́n kọ sára ìgò, ṣíbí méjì náà ni mo fún un."

Dáúdà dìde, ó ṣí fèrèsé, ó tún padà jókòó.

Àsúmáù mú fọ́ọ̀mù ẹjọ́ náà tọ̀ ọ́ lọ. "Bùọ̀dá, ẹ̀yin nìkan ló kù tí ò tíì fọwọ́ sí i."

"Mi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn."

"Ṣé ọ̀rọ̀ pépà ìgbélùú ni? Home Office ò sí nínú èyí."

"Kì í ṣe pépà."

Àsúmáù rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ. Ta lẹ pàdánù?"

Dáúdà ń wo Mìsítúrà.

"Ẹ bá mi pe lọ́yà wá."

Yusrah wá, ó jókòó tì í, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Uncle, ẹ fara balẹ̀. Kí lorúkọ ẹni tó mu ún nílé yín?"

"Kò sẹ́ni tó mu ún nílé mi," Dáúdà dáhùn. "Èmi ni mo yẹ oògùn yẹn wò níléeṣẹ́ kó tó jáde, mo rí májèlé tó wà nínú rẹ̀, mo fi han ọ̀gá mi, ó ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́."